Oyin Inú Ilẹ̀ àti Oúnjẹ Ọmọ Tí Ìyá Kò Ní Rí



 Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan ránṣẹ́ láti ìlú òkèèrè tí mo wà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ti kọ nípa òtútù, nípa ilé gíga, àti nípa bí owó ṣe rí lọ́hùn-ún. Èmi kò ní kọ nípa wọn. Kòkòrò kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé kòkòrò náà ló là mí lójú sí ohun tí ẹnì kan ṣe fún mi nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà.

Láti ọdún 2001 ni mo ti ń gbé ní ìlú Tucson, ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Aṣálẹ̀ ni gbogbo agbègbè náà. Aṣálẹ̀ Sonora ni wọ́n ń pè é, ó sì gbòòrò kọjá ààlà wọ ilẹ̀ Mẹ́síkò. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn lọ. Bí oṣù kẹfà bá dé, ooru a máa kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé iyanrìn lásán ni yóò bá níbẹ̀ yóò rí ohun ìyanu, nítorí pé igi ẹlẹ́gùn-ún ló kún ibẹ̀. Ọrọ́ ni àwa yóò pè wọ́n.

Kì í ṣe irú ọrọ́ tí àwọn bàbá wa ń fi ṣe ọgbà yí ilé ká, èyí tí oje funfun bíi wàrà wà lára rẹ̀, ni mo ń wí. Ìyẹn jọ wọ́n lójú ni, ẹbí ọ̀tọ̀ ni. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun àwọn ọrọ́ tòótọ́. Ọ̀kan wà tí ó pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ tí a tò léra wọn. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, a máa họ ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò, a sì sè é bí ẹni se ẹ̀fọ́. Èso rẹ̀ pupa, ó sì dùn. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní saguaro. Ìyẹn ga bí igi, ó lè ga ju mítà 12 lọ, ó sì lè lo ju 150 ọdún lọ láyé. Òdòdó rẹ̀ funfun. Òru ni ó ń là, kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó tán ó ti ń pa dé. Àwọn ẹ̀yà Tohono O'odham, tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ti ń ká èso rẹ̀ jẹ láti ayébáyé.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè pé: igi tí kò lè rìn, tó dúró sínú ooru láàárín òkúta, báwo ló ṣe ń so èso? Lẹ́búlẹ́bú kan wà nínú òdòdó, ó dà bí àtíkè. Bí lẹ́búlẹ́bú ti igi kan kò bá dé inú òdòdó igi mìíràn, saguaro kò ní so. Àdán, àdàbà àti oyin ló ń bá a gbé e kiri. Nínú àwọn oyin yìí, ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọrọ́ ni ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Diadasia rinconis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà.

Ní èdè tiwa, orúkọ kan náà ni a fún kòkòrò náà àti ohun dídùn tó ń ṣe. Oyin ni a ń pe àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé oyin kan wà tí kò ní oyin, a ó ní àlọ́ ni onítọ̀hún ń pa. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí. Irú oyin tí àwọn onímọ̀ ti kà láyé ju 20,000 lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ayaba, kò ní afárá, kò sì ní oyin tí ènìyàn lè fẹ̀ jẹ. Olúkúlùkù abo ló ń dá gbé, tó ń dá ṣiṣẹ́. Bí a bá pín gbogbo irú oyin sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí àádọ́rin nínú rẹ̀ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ fi ṣe ilé.

Bí èmi ṣe mọ̀ wọ́n nìyí. Lẹ́yìn ilé tí à ń gbé, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí koríko kì í hù sí, tí oòrùn ti sọ di líle bíi bíríkì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan (iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe), mo rí i pé ihò wẹ́wẹ́ ti kún ilẹ̀ náà, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan kò ju èyí tí igi pẹ́ńsùlù lè wọ̀ lọ. Oyin ń fò lókè wọn, wọn kò ga ju orúnkún ènìyàn lọ, ìró wọn sì ń dún bí ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn. Àwọn ará ilé ti ń ti fèrèsé. Ẹnì kan ti tẹ ẹni tó ń bójú tó ilé láago, ìyẹn sì ti dáhùn pé òun yóò mú oògùn apakòkòrò wá ní ọjọ́ Sátidé.

Ẹ má bínú sí wọn, nítorí ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní ọdún 1956, wọ́n kó oyin láti Gúúsù Áfíríkà àti Tanzania lọ sí ilẹ̀ Brazil, kí oyin ilẹ̀ náà lè máa ṣe púpọ̀ sí i. Ní ọdún 1957, díẹ̀ nínú wọn sá lọ sínú igbó. Wọ́n bí sí i, wọ́n sì ń rìn lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé Texas ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, wọ́n sì wọ Arizona ní ọdún 1993. Oyin yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ilé òun. Bí ọ̀kan bá bínú, gbogbo ilé ló ń jáde, wọ́n sì ti pa ènìyàn. Nítorí náà, bí ará Tucson bá gbọ́ ìró oyin, ẹsẹ̀ ló ń lò. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò mi tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àwọn ará ilé rẹ ló wá kí ọ yìí o!" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bí wọ́n bá jẹ́ ará ilé mi, ó yẹ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ ná kí a tó pa wọ́n.

Mo ya àwòrán wọn, mo sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tó ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì. Ìyáàfin náà dáhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní oyin ọrọ́ ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọn yóò parí iṣẹ́ wọn. Ó ṣàlàyé pé oyin tó ní afárá ní ìṣúra tó ń ṣọ́, òun ló ṣe ń jà. Oyin ọrọ́ kò ní ìṣúra kankan tí àwùjọ jùmọ̀ ní. Wọ́n kàn kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, bí ìyá olóbì ti í pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláta, tí olúkúlùkù sì ń ka owó tirẹ̀. Akọ wọn kò ní ohun tí ó lè fi ta ènìyàn. Abo ní, ṣùgbọ́n bí a kò bá dì í mú tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kì í sáàbà ta ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé àga kan, mo gbé e sí àárín àwọn ihò náà, mo jókòó. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àwọn ará ilé ń yọjú lójú fèrèsé. Mo lo ìdajì wákàtí níbẹ̀, oyin ń fò gba iwájú mi àti ẹ̀yìn mi, ìkankan nínú wọn kò ta mí. Nígbà tí ọkùnrin olóògùn dé, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àgbá oògùn rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. A ta okùn yí ilẹ̀ náà ká kí àwọn ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni èmi àti ọmọ mi ti ń wò wọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí ìgbésí ayé wọn ṣe rí. Ní ìgbà tí ọrọ́ bá ń yọ òdòdó, àwọn akọ ni yóò kọ́kọ́ jáde láti inú ilẹ̀. Wọn yóò máa rà bàbà lókè ilẹ̀ náà títí àwọn abo yóò fi jáde. Lẹ́yìn tí abo bá ti gba akọ, kò tún ní ohun kan í bá a ṣe mọ́. Òun nìkan ni yóò gbẹ́ ilé. Ilẹ̀ líle ni ó ń yàn. Yóò fi ẹnu gbẹ́ ẹ, yóò sì máa ko erùpẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú ẹbí Diadasia a máa fi erùpẹ̀ náà mọ ògiri róbótó bí ọrùn ìgò sí ẹnu ihò. Nísàlẹ̀, yóò ṣe yàrá kéékèèké.

Lẹ́yìn náà ni yóò wá oúnjẹ lọ. Yóò wọ inú òdòdó ọrọ́ pẹlẹbẹ, èyí tí ó jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni ó ń lò. Nínú òdòdó yìí, okùn wẹ́wẹ́ pọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, orí wọn ni lẹ́búlẹ́bú wà. Ọmọ mi fi ìka kàn wọ́n, a sì rí wọn tí wọ́n ń rọra tẹ̀ wọnú bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bo oyin nígbà tó bá rì wọnú wọn, tí yóò fi jáde bí ẹni tó ti inú ọlọ èlùbọ́ bọ̀. Lẹ́búlẹ́bú ọrọ́ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ òdòdó lọ, irun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn oyin yìí sì fọ́nká bí ìyẹ́, ó bá a mu láti gbé e. Èyí tó bá já bọ́ lára rẹ̀ sínú òdòdó mìíràn ni yóò di èso. Òun kò mọ̀ pé òun ń bá igi ṣiṣẹ́. Oúnjẹ ọmọ ló ń wá.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò lọ tí yóò sì bọ̀ kí yàrá kan tó ní oúnjẹ tó tó. Yóò fi omi dídùn inú òdòdó po lẹ́búlẹ́bú náà, yóò ṣe é ní òkìtì kékeré kan, yóò yé ẹyin kan ṣoṣo, yóò sì dí yàrá náà. Ó parí. Kò ní ṣí i mọ́. Yóò bọ́ sórí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí òdòdó yóò fi tán. Ìgbà tí ó fi ń fò lójú ayé kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, yóò sì kú. Nísàlẹ̀, ẹyin yóò di ìdin, ìdin yóò jẹ oúnjẹ tí ìyá fi sílẹ̀ tán, yóò sì sùn. Yóò sun ooru, yóò sun òjò, yóò sun òtútù. Bí ọrọ́ bá tún fẹ́ yọ òdòdó ní ọdún tó tẹ̀ lé e, yóò di oyin, yóò gbẹ́ ọ̀nà jáde sójú oòrùn.

Wọ́n ní ọ̀tá. Eṣinṣin onírun kan wà tí ń fò dúró lókè ihò, tí ń ju ẹyin tirẹ̀ sínú rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ọmọ oyin. Òmíràn dà bí èèrà onírun pupa, ṣùgbọ́n ìbátan agbọ́n ni. Ọ̀dá náà ń bẹ. Ní ọdún 1999, Bryan Danforth tẹ ìwádìí kan jáde lórí irú oyin inú ilẹ̀ mìíràn ní Arizona àti New Mexico, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Perdita portalis. Ó rí i pé ọ̀rinrin ló ń jí wọn, àti pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń jí lọ́dún kan náà. Àwọn kan yóò jáde, àwọn kan yóò sì dúró de ọdún mìíràn. Bí ọ̀dá bá pa àwọn tó jáde, ìran kò ní parẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kò tètè mọ ìwé, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náháwù mọ̀ pé Súrátù Náhàlì ni orí kẹrìndínlógún nínú Alùkùránì, àti pé ẹsẹ 68 àti 69 ni ọ̀rọ̀ oyin wà. Ẹ ó rí i pé bí ẹni ń bá obìnrin sọ̀rọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀ rí. Nígbà tí àfáà wa kọ́ wa ní èyí, a kàn há a sórí fún ìdánwò ni. Oyin tó ń ṣe oyin ni àwọn ẹsẹ náà ń sọ, n kò ní fa ọ̀rọ̀ náà kọjá ibi tó dé. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ilé mi, nígbà tí mo rí i pé abo nìkan ló ń gbẹ́ ilẹ̀, tó ń ru ẹrù, tó sì ń dí yàrá, ẹ̀kọ́ gírámà yẹn padà sí mi lọ́kàn.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ mi bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé ìyá oyin yóò rí ọmọ rẹ̀?"

Mo ní, "Rárá. Kí ọmọ tó jáde, ìyá ti kú tipẹ́."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ta ló wá máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ. Bí Ọlọ́hun ṣe dá a ni, ó ti mọ̀ ọ́n kó tó jáde. Ó tún bèèrè pé, "Ìyá yín ńkọ́? Ṣé ó rí yín nígbà tí ẹ di nọ́ọ̀sì?" Ìbéèrè yìí ni n ó fi ìyókù ọ̀rọ̀ mi dáhùn.

Àkàrà ni ìyá mi ń dín ní ìdíkọ̀. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn àgbà tó wà ní mọ́sálásí nígbà náà yóò rántí ìyá mi, nítorí pé kì í pẹ́ dé sí ìrun àsùbáà, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti lọ dá iná àkàrà. Aṣọ rẹ̀ kò pọ̀. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, yóò ju owó sínú agolo mílíìkì kan tó wà lábẹ́ ibùsùn. Èmi rò pé owó ẹ̀wà ni.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1987, àìsàn mú un, kò sì dìde mọ́. Kíláàsì kejì ní ìdádì ni mo wà. Lẹ́yìn fìdáù ọjọ́ kẹjọ, mo wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí láti dágbére fún ọ̀gá àfáà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti bá mi wá ọ̀gá fọkanáísà tí n ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àfáà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, kò sọ nǹkan kan. Ó fa ìwé owó jáde, ó ṣí i sí ibi orúkọ mi, ó sì ní kí n kà á. Wọ́n ti san owó mi títí dé òpin ìdádì, ọdún méjì tó kù, àti owó ìdánwò.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìbìtìdáì ni ìyá mi ti ń san díẹ̀ lé owó táàmù kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ àfáà pé kó má sọ fún mi. Ó ní, "Bí ó bá mọ̀ pé owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀, yóò máa fi ìwé ṣeré. Bí n kò bá sì sí, ẹ má jẹ́ kí ó lọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oyin ti í kó oúnjẹ jọ sínú yàrá, kí ó dí i, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi ìyá mi wé kòkòrò lásán. Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Oyin kò mọ̀ pé òun yóò kú, kò sì sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìyá mi mọ̀. Ó lè fi owó náà ra aṣọ ọdún. Ó lè fi tọ́jú ara rẹ̀. Ebi pa á, ó rí owó nínú agolo, kò sì fọwọ́ kàn án. Èyí ni kòkòrò kò lè ṣe, tí ìyá ènìyàn ń ṣe.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé ọmọ oyin kò nílò olùkọ́. Bí oúnjẹ bá ti tó, ó tó. Ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìyá mi kó mi dé òpin ìdádì, ó sì tán. Ta ló gbé mi dé sánáwì? Ọ̀gá àfáà ni, ẹni tó fi mí sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tí n kò san kọ́bọ̀. Ta ló ń fún mi ní oúnjẹ ọ̀sán? Àwọn ìyá mọ́sálásí ni, wọ́n ń ṣe é ní ìkọ̀ọ̀kan. Oyin ọrọ́ lè dá ọmọ tọ́ nítorí pé ohun tí ọmọ náà yóò mọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá yóò fi oúnjẹ sílẹ̀, àwùjọ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ.

Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkété ló ń dàgbà. Ìyá mi kò mu ọmú mi. Nígbà tí mo gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, n kò rí ẹni tí n ó rà nǹkan fún. Mo bi ọ̀gá àfáà, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, nípa rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Wá ọmọ tí ìyá rẹ̀ dí yàrá sílẹ̀ láìtíì kún." Àwa tí a jọ jáde ní kíláàsì kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọmọ aláìlóbìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí láti ọdún 2011. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Ọwọ́ wa kò ká gbogbo wọn. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ mẹ́ta fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí òbí wọn kú, kí a tó gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń ta omi inú ọ̀rá lójú títì báyìí. Ọmọ náà mọ Alùkùránì kà ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà mọ́sálásí, bí ẹ bá lọ kí ìdílé tí wọ́n ṣe òkú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bèèrè pé kíláàsì wo ni ọmọ wà, ta ni yóò sì san owó táàmù tó ń bọ̀. Ẹ bèèrè kí fìdáù tó kọjá, nítorí pé lẹ́yìn fìdáù ni ọmọ ń lọ wá iṣẹ́ tí yóò kọ́. Ẹ̀yin òbí, n kò ní kí ẹ fi ebi pa ara yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè san díẹ̀ lé owó táàmù, ẹ san án, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tiyín kù. Oyin inú ilẹ̀ kò sí ní Arizona nìkan. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, ní ojú ọ̀nà oko àti ní ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo. Bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí oyin kọ̀ọ̀kan ń wọ̀ tó sì ń jáde, ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi igi dí i. Ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ogunlọ́gọ̀ oyin ló ń wọ ihò kan ṣoṣo nínú igi tàbí ògiri, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe àgbàlagbà. Ní ọdún 1996, Stephen Buchmann àti Gary Paul Nabhan, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Arizona, kọ ìwé láti kìlọ̀ pé àwọn kòkòrò àti ẹyẹ tó ń bá òdòdó ṣiṣẹ́ ń dínkù láìsí ẹni tó ń kà wọ́n sí. Ní Tucson, ilé àti ọ̀dà títì ń bo ilẹ̀ sí i. Bí a bá da ọ̀dà bo ilẹ̀ tí ọmọ oyin ń sùn sí, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Nígbà tí ọrọ́ bá wá yọ òdòdó láìsí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ wò, a ó bèèrè ìdí tí èso fi wọ́n.

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa ṣì wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí ihò tuntun. Ó ka mẹ́rìnlélógójì ní àárọ̀ kan. Ó ti dàgbà báyìí, ó sì ń ní kí n máa tọ́jú owó díẹ̀ nínú agolo fún àwọn ọmọ ilé-kéú tí òun kò rí rí. Owó àkọ́kọ́ rẹ̀ wà nínú èyí tí a fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn òbí wa tí wọ́n ti lọ. Kí Ó fún àwọn tó wà láyé ní ẹ̀mí gígùn láti jẹun ọmọ. Kí Ó sì má jẹ́ kí ọmọ kankan kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé ìyá rẹ̀ kú. Àmín.